Gbèsè Tó Wọ Ilé Aṣọ

Ilé kan wà ní ìpẹ̀kun bárékè sójà kan, tó ga ju gbogbo ilé yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ yàrá kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wọlé tó gbójú sókè á rí i pé láti ilẹ̀ títí dé òrùlé, kò sí àjà, kò sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àfi àkàsọ̀ irin tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi okùn fa àwọn párásúùtì sókè sí kí wọ́n lè gbẹ, ìyẹn àwọn agboòrùn ńlá tí sójà ń gbé kọ́ ẹ̀yìn bọ́ sílẹ̀ láti inú bàálù. Bí wọ́n bá so ogún tàbí ọgbọ̀n wọn rọ̀, tí ẹnìkan sì ṣí fèrèsé òkè, atẹ́gùn á wọ inú wọn. Wọ́n á rọra wú, wọ́n á tún rọra sọ̀, bí àyà ẹni tó sùn wọra. Ilé Aṣọ ni àwọn sójà ń pè é.

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Kọ́púrà ni, ṣùgbọ́n Akáṣọ ni gbogbo bárékè mọ̀ ọ́n sí, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ká àwọn aṣọ náà padà sínú àpò wọn lórí tábìlì kan tó gùn tó ogún ìṣísẹ̀. Kì í ṣe bí a ṣe ń ká aṣọ ibùsùn. Okùn kọ̀ọ̀kan ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, ẹyọ kan tó bá sì lọ́ pọ̀ mọ́ èkejì, ẹni tó wà lókè ni yóò jìyà rẹ̀. Bó bá ká ọ̀kan tán, á fọwọ́ sí ìwé pélébé tó wà lára àpò náà. Ìfọwọ́sí yẹn ló ń sọ fún ẹni tó máa gbé e kọ́ ẹ̀yìn pé ẹ̀mí rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹnìkan rí, onítọ̀hún kò sì fi ṣeré. Bí Akáṣọ bá wà nídìí tábìlì, kì í sọ̀rọ̀, kì í kọrin. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí iná bá ń jó ilé, á kọ́kọ́ ká èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó béèrè ọ̀nà àbájáde.

Ìjì ló kó o sí gbèsè. Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tí ìjì kan jà ní ìlú tí ìyá rẹ̀ ń gbé, tó ṣí òrùlé ilé ìyá náà gbé odindi, tó lọ tẹ́ ẹ sílẹ̀ sí pápá ilé-ìwé kan bí ẹni tẹ́ ẹní. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, àgbà tí ojú rẹ̀ kò rí ihò abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́. Nígbà tó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, kò sunkún. Ó kàn ní òun jókòó ní pálọ̀ òun, òun sì ń wo àwọn ẹyẹ tó ń kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Akáṣọ lára ju ẹkún lọ. Fún ọjọ́ mélòó kan, ibi yòówù kó wà, ó ń rí ìyá rẹ̀ lórí àga, tó gbé ọwọ́ lé itan, tí ojú ọ̀run sì ṣí sílẹ̀ lórí rẹ̀ gbayawu.

Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó ra pákó, ká má tíì sọ páànù. Ó lọ bá Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́.

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ló ni ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ géètì bárékè. Fóònù àti wáyà ló tò sójú wíńdò, ṣùgbọ́n owó gan-an ni ọjà rẹ̀. Orúkọ yẹn mọ́ ọn lára torí kò sí ẹni tó wọlé tí kì í kí ní pẹ̀lẹ́: pẹ̀lẹ́ oòrùn, pẹ̀lẹ́ ìrìn, pẹ̀lẹ́ ìnáwó. Ó ní àga onítìmùtìmù fún oníbàárà, ó sì ń fún wọn lómi tútù nínú ife tó mọ́. Kì í béèrè onígbọ̀wọ́, kì í béèrè ìwé ilé. Káàdì báǹkì sójà náà àti nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ ló ń gbà mọ́wọ́. Bí owó oṣù bá wọlé, òun ló máa kọ́kọ́ dé ìdí ẹ̀rọ tó ń pọ owó. Á yọ tirẹ̀, á kó ìyókù sínú àpòòwé funfun, á sì kọ orúkọ onítọ̀hún sí i lára gàdàgbà-gadagba, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára bí ti ìwé ìpè ìgbéyàwó.

Òrùlé tuntun dúró. Ìyá ń gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n owó yẹn kò dúró sójú kan; èlé ń bímọ, ọmọ èlé náà ń bímọ. Nígbà tó di ọdún kejì, ohun tó ń kù nínú àpòòwé funfun kò lè gbé e dé ìdajì oṣù. Akáṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í yá owó lórí fóònù, lọ́wọ́ àwọn tí kò fojú kàn rí, kó lè jẹun. Ó tún yá lọ́wọ́ àwọn mìíràn kó lè san ti àwọn tàkọ́kọ́. Ó ń gbẹ́ ihò kó lè rí erùpẹ̀ fi dí ihò.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àhesọ kan wà ní bárékè pé sójà tó bá jẹ gbèsè, wọ́n á ní ọ̀tá lè fi owó rà á, wọ́n á gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì ní kó máa lọ sílé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kún inú ẹni, itọ́ funfun là ń tu síta. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ní kó jẹ́ káwọn jọ lọ jẹun, á ní inú òun ti kún. Ó sì kún lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe oúnjẹ ló wà níbẹ̀.

Bó ṣe di ọdún kẹta, ayé ń rí lójú rẹ̀ bí ohun tí èèyàn ń wò láti abẹ́ omi. Ẹnu àwọn èèyàn ń mì, ọ̀rọ̀ wọn á pẹ́ kó tó dé etí rẹ̀. Ó ń fi táwẹ́ẹ̀lì wé fóònù rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, síbẹ̀ ó ń gbọ́ ọ tó ń gbọ̀n níbẹ̀ bí kòkòrò tó há sínú ìgò. Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oyin: oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ń halẹ̀ pé àwọn máa kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀, pé àwọn máa fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá gba fèrèsé òkè wọlé, tí gbogbo aṣọ tó rọ̀ sílé náà bá di àwọ̀ wàrà, Akáṣọ á dúró láàárín wọn, á sì dà bíi pé wọ́n so òun náà rọ̀ pẹ̀lú wọn: kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹnìkan á pè é, ilẹ̀ á sì padà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́rú kan ló ká párásúùtì mọ́kànlá. Bí a bá ń ká wọn, okùn pupa kúkúrú kan wà tí a fi ń di aṣọ náà mú fún ìgbà díẹ̀ kó má baà yọ̀; a gbọ́dọ̀ tú u kúrò kí a tó pa àpò dé, torí bí a bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, aṣọ náà lè kọ̀ láti ṣí lókè. Mẹ́wàá ni okùn pupa tó ní, orí ìṣó kan lára ògiri sì ni gbogbo wọn ń padà sí lẹ́yìn iṣẹ́, kí a kà wọ́n, kí a kọ iye wọn sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó kọ mẹ́wàá. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́. Ojú rẹ̀ kò wo ìṣó.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kùrukùru bo bárékè débi pé igi ẹ̀bá ọ̀nà kàn ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ti ojú oorun bọ̀. Ọkọ̀ ti kó àwọn àpò lọ sí pápá bàálù. Akáṣọ wọ Ilé Aṣọ láti ṣí fèrèsé, ojú rẹ̀ sì lọ sára ìṣó. Ó ka àwọn okùn náà, wọ́n jẹ́ mẹ́sàn-án. Ó tún wọn kà. Ó fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kà wọ́n sókè kó lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Mẹ́sàn-án náà ni. Ó gbìyànjú láti rántí àná, kó rí ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń tú okùn, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó rí nínú àná ni fóònù tó ń gbọ̀n nínú táwẹ́ẹ̀lì.

Ó sáré. Pápá bàálù kò jìnnà, ṣùgbọ́n nínú kùrukùru yẹn, ó dà bíi pé ojú kan ló wà tó ń sáré, tí ilẹ̀ ń yí lábẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ń lọ ni ọkàn rẹ̀ ń bá a jà. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lánàá, ọ̀rọ̀ á sì tú síta, iṣẹ́ á bọ́. Bí kò bá sọ ọ́, bóyá okùn náà bọ́ sílẹ̀ lásán, bóyá ó wà lábẹ́ tábìlì. Bóyá. Ó gbọ́ ẹ́ńjìnnì bàálù kó tó rí bàálù. Lẹ́yìn náà ló rí wọn, ọgbọ̀n sójà tí wọ́n jókòó sórí koríko tútù ní ìlà mẹ́ta, tí wọ́n ti gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ búrẹ́dì. Búrẹ́dì yẹn ló parí ìjà inú rẹ̀.

Ọ̀gá Ilé Aṣọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé orúkọ lọ́wọ́, àgbà sójà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Okùn. Akáṣọ dúró síwájú rẹ̀, ó sì ní:

“Bàbá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ bàálù. Okùn pupa kan kò sí lórí ìṣó, mi ò sì rántí pé mo tú u.”

Bàbá Okùn kò bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ẹ́ńjìnnì kú, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sì balẹ̀ sórí pápá náà bí ohun tó ti wà lókè tó ń dúró. Wọ́n tẹ́ tapólì sílẹ̀, wọ́n gba àpò mọ́kànlá tó ní ìfọwọ́sí rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú àwọn tó fẹ́ gbé wọn fò. Aṣọ funfun ń tú jáde, ó ń tàn ká orí koríko, títí tí ojú kò fi mọ ibi tí aṣọ pin sí àti ibi tí kùrukùru ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn sójà ń wò. Wọ́n tú ìkíní, wọ́n tú ìkẹta, wọ́n tú ìkẹjọ. Nígbà tí wọ́n tú ìkọkànlá, kò sí okùn kankan níbẹ̀.

Bàbá Okùn ní kó kó ohun tó wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ jáde. Nínú ti apá òsì, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì àti ààbọ̀ bisikíìtì, okùn pupa náà wà níbẹ̀, ó ká jọ.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan pòṣé. Sójà gíga kan tó yẹ kó gbé àpò kẹta jókòó padà sórí koríko, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú, ojú náà kò sì kúrò nínú fìlà fún ìgbà díẹ̀.

Bàbá Okùn mú un lọ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn Ilé Aṣọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. “Okùn wà nínú àpò rẹ,” ló wí. “Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ibo lo wà?”

Akáṣọ la ẹnu láti sọ pé orí ló ń fọ́ òun. Ọ̀rọ̀ òrùlé ló jáde. Lẹ́yìn òrùlé, Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ jáde, káàdì jáde, àwọn tó ń pè lórí fóònù jáde, títí dórí ààbọ̀ bisikíìtì, tó jẹ́ oúnjẹ alẹ́ àná rẹ̀. Ó sọ ọ́ láìsunkún, bí ẹni tó ń ròyìn àlá. Bàbá Okùn gbọ́ ọ dópin. Ó wá sọ fún un pé ohun méjì ló ṣe, pé ọ̀kan burú, èkejì sì dára, òun á sì kọ méjèèjì sínú ìwé. Ó ní kò ní fọwọ́ kan tábìlì fún ìgbà díẹ̀, pé èyí kì í ṣe ìyà, pé bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà lòun á ṣe. Akáṣọ bi í bóyá wọ́n máa lé òun. Ó ní òun kò mọ ibi tí wọ́n ti ń rí ìròyìn bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ló wí. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti gbẹ́ ẹ fún un. Ó mú bírò, ó fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó kọ nọ́ńbà yàrá kan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní kó má baà sọ èyí náà nù.

Yàrá náà wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn àtijọ́. Bẹ́ǹṣì kan wà níwájú ilẹ̀kùn. Akáṣọ gbé àpò ọ̀rá tó kó gbogbo lẹ́tà rẹ̀ sí mọ́ àyà, ó sì bá ọ̀gá sójà kan níbẹ̀, ọ̀kan tó ní ìràwọ̀ mẹ́ta léjìká, tí bàtà rẹ̀ ń dán débi pé èèyàn lè fi wo eyín. Àpò ọ̀rá wà lórí itan òun náà. Akáṣọ kí i bó ṣe yẹ kí sójà kí ọ̀gá rẹ̀. Àwọn méjèèjì wá tẹjú mọ́ ògiri iwájú wọn bí ẹni pé àwòrán wà níbẹ̀.

Nígbà tó pẹ́, ọ̀gá náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ẹsẹ̀ tó ń dun òun ló gbé òun wá.

Ó ti tó ọdún márùn-ún tí wọ́n ti kó ilé ìwòsàn kúrò níbẹ̀. “Ẹsẹ̀ ni tèmi náà, sà,” ni Akáṣọ dá a lóhùn.

Màmá Pẹ́ńsù ni wọ́n ń pe obìnrin tó wà nínú yàrá náà. Ó ti ṣe sójà rí kó tó fẹ̀yìn tì; ní báyìí, àwọn sójà tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn ló ń ràn lọ́wọ́, pẹ́ńsù ló sì fi ń kọ ohun gbogbo. Ó ní ohun tí a bá fi pẹ́ńsù kọ mọ̀ pé ayé lè yí padà. Ó kọ́kọ́ bi Akáṣọ bóyá ó ti jẹun. Ó pọn tíì fún un, ó fún un ní búrẹ́dì, ó sì dúró títí tó fi jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló ní kó da àpò ọ̀rá náà sórí tábìlì.

Lẹ́tà mẹ́tàlélógún ló jábọ́, kò sí ọ̀kan tí wọ́n ti ṣí. Màmá Pẹ́ńsù fi rúlà ya wọ́n, ó ń kà wọ́n, ó ń tò wọ́n sí òkìtì òkìtì. Kò ṣe háà, kò mi orí. Ìró bébà nìkan ló ń dún. Oòrùn ń gba ara ewéko kan lójú fèrèsé wọlé, òjìji ewé sì ń rìn lórí àwọn nọ́ńbà náà. Oorun fẹ́ẹ́rẹ́ kan ń gbé Akáṣọ, irú oorun tí kò ti rí láti ọdún kan. Nígbà tí Màmá Pẹ́ńsù ṣírò rẹ̀ tán, ó yí ìwé náà sí i. Gbogbo gbèsè rẹ̀ jẹ́ owó oṣù mẹ́rìnlá. Akáṣọ tẹjú mọ́ ọn. Kò ṣírò rẹ̀ rí. Ó ti rò pé òkun ni. Kànga ni. Ó jìn, ṣùgbọ́n ó ní ìsàlẹ̀.

Màmá Pẹ́ńsù wá là á yé e. Owó kékeré kan wà tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́. Akáṣọ ti rò pé owó aṣọ iṣẹ́ ni. Àpò ìrànwọ́ àwọn sójà ni. Àpò náà lè yá a lówó láìsí èlé láti pa àwọn gbèsè tó ń jó jù lọ, kó sì máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Òfin kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni gba káàdì báǹkì sójà mọ́wọ́. Kó lọ sí báǹkì lọ́sàn-án yẹn gan-an, kó ní kí wọ́n pa ti àtijọ́, kó gba tuntun. Ní ti àwọn orí fóònù, méjì nínú wọn kò tilẹ̀ ní ìwé àṣẹ. Òun á kọ̀wé sí gbogbo wọn pé kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n jókòó ti ìnáwó Akáṣọ fúnra rẹ̀: ọṣẹ, owó bọ́ọ̀sì, oúnjẹ, owó tó ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lóṣooṣù. Nígbà tó kan ìyẹn, pẹ́ńsù dúró.

“Ṣé ìyá rẹ mọ̀?”

“Rárá, mà.”

“Ẹni tí o tìtorí rẹ̀ wọ odò, ó yẹ kó mọ̀ pé omi ti dé ọrùn rẹ.”

Akáṣọ tún béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, bóyá wọ́n máa lé òun níṣẹ́. Màmá Pẹ́ńsù ní ọ̀gá rẹ̀ kan máa fọwọ́ sí ìwé kan ni, pé àwọn tó ń kan ìdààmú ni àwọn tó fi pamọ́ títí tí wọ́n fi jalè. Ó wá fi ojú tọ́ka sí ilẹ̀kùn, níbi tí bẹ́ǹṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. “Wọn ò kúkú lè lé gbogbo yín.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù iwájú géètì. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ kí wọn ní pẹ̀lẹ́ oòrùn, ó gbé àga, ó bu omi tútù. Nígbà tí Màmá Pẹ́ńsù sọ ohun tó gbé àwọn wá, ojú ọkùnrin náà rẹ̀wẹ̀sì bí ojú ẹni tí ọ̀rẹ́ já kulẹ̀. Ó fa dúróò kan. Káàdì báǹkì ló kún inú rẹ̀, wọ́n á tó ọgọ́ta, ó fi rọ́bà dì wọ́n ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó ṣa káàdì Akáṣọ jáde nínú wọn, ó sì gbé e sórí tábìlì jẹ́jẹ́.

“Ǹjẹ́ mo bú ọ rí?” ló bi í. “Ǹjẹ́ mo tiẹ̀ gbé ohùn sókè sí ọ?”

Akáṣọ ní kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Òótọ́ sì ni. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé àánú ọkùnrin náà ń ṣe é, pé apá kan nínú rẹ̀ fẹ́ tọrọ àforíjì, torí nígbà tí òfurufú ń wo ìyá rẹ̀ nínú pálọ̀, ọkùnrin yìí ló kọ́kọ́ nawọ́ owó. Màmá Pẹ́ńsù kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ ìwé sílẹ̀, ó fi hàn án pé ojú owó tí Akáṣọ yá, ó ti san án lẹ́ẹ̀mejì àti ààbọ̀. Pé wọ́n á fún un ní iye kan báyìí kó fọwọ́ sí i pé ó parí, tàbí kó lọ ṣàlàyé dúróò yẹn fún adájọ́. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wo dúróò náà títí. Ó fọwọ́ sí i. Pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó dára náà ló fọwọ́ sí i, ó sì kí wọn ní pẹ̀lẹ́ ìrìn bí wọ́n ṣe ń jáde.

Sísọ fún ìyá ló le jù. Ó gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta, ó lọ sílé, ó sì sọ ọ́ ní ọ̀sán, nígbà tí ìyá ń fọwọ́ wá bọ́tìnì nínú agolo. Ọwọ́ ìyá dúró nínú agolo.

“O jẹ́ kí n máa sùn fọnfọn lórí ọrùn rẹ,” ló sọ nígbẹ̀yìn.

Akáṣọ kúnlẹ̀. Ìyá kò gbé e dìde, kò sì bá a wí. Ó kàn gbé ọwọ́ lé e lórí, ó fi sílẹ̀ síbẹ̀ títí tí oòrùn fi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, àṣẹ ni: kò gbọ́dọ̀ fowó ránṣẹ́ mọ́ títí tí gbèsè á fi tán. Láti oṣù yẹn lọ, òun ló ń fi owó ránṣẹ́. Owó bọ́tìnì ni, torí ó ń bá àwọn aránṣọ mìíràn gán bọ́tìnì, ìka rẹ̀ sì ń ríran níbi tí ojú rẹ̀ kò dé. Akáṣọ fẹ́ dá owó náà padà, ojú ń tì í. Màmá Pẹ́ńsù ní kó gbà á, ó sì fún un ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé: Ìyá, bọ́tìnì.

Ọ̀sẹ̀ méje ló fi ń gbá ilẹ̀ Ilé Aṣọ kí wọ́n tó dá a padà sídìí tábìlì. Fún ọjọ́ mélòó kan, kò sí ẹni tó fẹ́ mú àpò tó ní ìfọwọ́sí rẹ̀ lára. Wọ́n ń wà lórí pẹpẹ títí tí ti àwọn yòókù á fi tán. Ó ń rí wọn. Ní òwúrọ̀ kan, sójà gíga tó fi fìlà nu ojú lọ́jọ́sí wọlé, ó wo orúkọ tó wà lára àwọn àpò náà, ó sì gbé ọ̀kan nínú ti Akáṣọ kọ́ ẹ̀yìn. Ẹnìkan bi í bóyá ó ti ka orúkọ tó wà lára ìwé pélébé rẹ̀. Ó ní òun kà á, pé ẹni tó lè sáré la kùrukùru kọjá láti wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àṣìṣe ara rẹ̀ ni òun fẹ́ kó máa ká tòun. Akáṣọ ń ka okùn lọ́wọ́ nígbà náà. Ó ní láti bẹ̀rẹ̀ kíkà náà látìbẹ̀rẹ̀.

Gbèsè náà kò tán lọ́jọ́ kan. Ó gba ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta. Oṣù kan wà tí ó gé owó oúnjẹ kù kó lè pé. Òmíràn wà tó lọ jókòó ní yàrá Màmá Pẹ́ńsù láìsí ohun tó fẹ́ béèrè, tó kàn mu tíì. Lórí fóònù rẹ̀, àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà dín kù, wọ́n sì dáwọ́ dúró láìdágbére.

Ó ti ń ro ohun tó máa ṣe lọ́jọ́ tí ìyókù bá tán, bóyá á jó, bóyá á sùn fún odindi ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ náà dé, ó gbàgbé. Inú bọ́ọ̀sì ló ti rántí, ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, pé owó oṣù ti wọlé, pé wọ́n ti yọ èyí tó kẹ́yìn, pé kò sí ẹni tó tún kù. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ fún ara rẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì í sún mọ́ fèrèsé díẹ̀.

Ibi tó ti ń ronú yẹn ni bọ́ọ̀sì ti gbé e kọjá ibi tó ń sọ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ ní òpópónà kan tí kò dé rí. Ọkùnrin onígbàjámọ̀ kan ń gbá irun jáde sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn ọmọ kan ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ilé sílẹ̀, ilé tó ní ilẹ̀kùn méje, wọ́n sì ń jà lórí ẹni tó máa gba èwo wọlé. Oòrùn ti rọlẹ̀, ó ń mú gbogbo ògiri ibẹ̀ pọ́n bí ọsàn. Akáṣọ lè béèrè ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò béèrè. Ó ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín òpópónà, ọwọ́ rẹ̀ òfìfo, bí ẹni tó ní gbogbo ọ̀sán láti fi dé ilé.